Ọkọ̀ Ìpẹja Tí Mo Lọ Yẹ̀ Wò ní Bódìjà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tí ẹ dúró sí etí omi lọ́jọ́ tí mò ń lọ, tí ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin kan ń lọ wá ọkọ̀ ìpẹja ní ìlú tí kò ní òkun, ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Ẹ̀rín yín kò dùn mí. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Níbo ni Ìbàdàn ti rí ọkọ̀ ojú omi tí wọn yóò tà fún ará Ìlàjẹ?

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà wà. Bàbá arúgbó tó kàn án, èyí tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló sọ fún wa. Ó ní ọkùnrin Ìbàdàn kan ló bẹ òun níṣẹ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti lọ sí òkè òkun, ọkọ̀ wà nílẹ̀, bàbá ọmọ sì fẹ́ tà á. Ẹ mọ ìdí tí a fi ń wá ọkọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó gbọ́: ọkọ̀ tiwa tú mọ́ Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, nídìí, níwájú ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Kẹ́ẹ̀gì epo ló dì mọ́ títí àwọn apẹja mìíràn fi rí i. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ olówó ló ń bá lọ sójú omi, tí olówó sì ń gba ìdajì ẹja. Èmi sì búra lójú gbogbo yín pé ọkọ̀ mìíràn kò ní gbé ọkọ mi kọjá ìgbì, àfi èyí tí mo bá fi ọwọ́ ara mi yẹ̀ wò.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni mo lọ. Ìdí kejì ni pé bí Bàbá Tóyìn bá ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn, kò rí ohun mìíràn mọ́. Kó má bínú, òótọ́ ni mo sọ. Bàbá tó bí mi kan ọkọ̀ títí ó fi kú, ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo sì mọ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń purọ́.

A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì létí omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Òkùnkùn ṣì bo gbogbo abúlé, iná àwọn tó ń yan ẹja nìkan ló ń tàn lórí omi. Bàbá Tóyìn bá mi gbé báàgì dé orí afárá pákó, ó ní, "Ìyá Tóyìn, má bá wọn jà o." Mo ní ta ni mo ti bá jà rí. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ìgbókòdá. Mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìbàdàn tààrà, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà, a sì jókòó títí ọkọ̀ fi kún. A gba Òkìtìpupa kọjá, a dúró ní Ọ̀rẹ̀ níbi tí àwọn obìnrin ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti ọsàn tí wọ́n ti bó. Láti ibẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, títì náà ṣeé rìn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìbàdàn, kòtò ló jẹ títì náà tán. Awakọ̀ wa a fi ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀, a bọ́ sí ti ẹlòmíràn, a tún padà, bí ẹni ń tukọ̀ láàárín òkúta. Mo kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi, mo ń gbàdúrà. Ẹni tó jókòó tì mí ń sùn, ó ń hanrun.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ilẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ tẹ́jú, omi ló ń ga tó ń sọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gun òkè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, pupa ni, àwọn ilé sì to ara wọn sórí òkè bí agbọ̀n ẹja tí a tò sórí ara wọn. Mo wá mọ̀ pé ìlú lè tóbi kó máà ní etí. Bí o bá rò pé o ti rí òpin rẹ̀, wàá gun òkè kan, wàá tún rí páànù mìíràn níwájú.

A sọ̀ ní Challenge. Níbẹ̀ ni mo ti wọ ohun tí wọ́n ń pè ní máíkírà, takisí kékeré kan tó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta ni ó yẹ kó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n ń kó sí i. Ọ̀dọ́kùnrin ni awakọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ sún mọ́ bọ̀ọ̀dá yẹn díẹ̀ sí i." Mo ní bí a bá kó ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú omi báyìí, rírì ló máa rì. Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ tiwa kì í rì. Ó kàn lè kọ̀ láti gun òkè ni." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ni mo wá ṣe ní Ìbàdàn, mo ní mo wá ra ọkọ̀ ìpẹja ní Bódìjà. Ẹ̀rín dákẹ́. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Ìlú yìí gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ní gbogbo ìgbà tí a fi ń gba Ring Road lọ sí Dùgbẹ̀, tí wọ́n fi Ilé Kòkó gíga yẹn hàn mí, tí mo tún wọ máíkírà mìíràn gba Mọ́kọ́lá kọjá, inú mi ń ro ohun kan ṣoṣo: wọn kò ní rí mi jẹ. Mo ti múra sílẹ̀ de ìjà kí n tó rí ẹni tí n ó bá jà.

Wọ́n já mi sílẹ̀ nítòsí ọjà Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń ta pákó. Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi yin ibẹ̀. Pákó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìrókò, àfàrà, ọ̀pẹ̀pẹ̀, mo dúró mo ń gbóòórùn wọn, mo gbàgbé pé oòrùn ń pa mí. Lọ́dọ̀ wa, bí a bá rí pákó ìrókò kan ṣoṣo tí kò ní kókó, a ó pe ara wa wá wò ó. Wọ́n ní i níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, wọ́n sì ń fi í ṣe férémù ilẹ̀kùn. Àánú ìrókò ṣe mí. Ọkùnrin kan tó ń ta á béèrè pé, "Ìyá, kí ni ẹ fẹ́ kàn?" Mo ní mi ò fẹ́ kan nǹkan, mò ń kí wọn ni. Ó ní kí n máa kí wọn lọ, kò sí owó lórí ìkíni.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé mi dé ẹnu géètì ilé Àlàájì. Ará Ìbàdàn gidi ni Àlàájì, ọmọ onílé àtijọ́, wọ́n ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ háyà ní Àgbówó, ṣùgbọ́n Bódìjà ni àwọn àti ìyàwó wọn ń gbé. Ẹ máa gbọ́ tí mò ń pe ẹnì kan ṣoṣo ní "wọ́n". Ìbàdàn ló kọ́ mi. Lọ́dọ̀ wa, "ìwọ" ni gbogbo wa, àgbà àti èwe, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Níbẹ̀, bí o bá pe àgbà ní "ìwọ", ojú gbogbo ilé á yí padà sí ọ. Ìgbà tí mo ní, "Àlàájì, ṣé o wà dáadáa?", Àlàájà, ìyàwó wọn, wo ilẹ̀. Àlàájì ní tiwọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mo wà dáadáa, Ìyá Tóyìn. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Àgbà bí wọn ń fi "ẹ" kí mi. Ojú tì mí, mo sì tún ẹnu mi ṣe.

Wọ́n fẹ́ kí n jẹun kí n tó wo ọkọ̀. Àlàájà gbé wàrà jáde, èyí tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe títí ó fi dì, tí wọ́n wá dín in pẹ̀lú ata. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́, kó má kú kó tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Mo ní ẹ jẹ́ kí n rí ọkọ̀ ná.

Ẹ̀yìn ilé ló wà, lábẹ́ àtíbàbà páànù tí wọ́n kọ́ fún un nìkan. Àlàájì fúnra wọn ló ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìbòjú ìyàwó. Mo wo ọkọ̀ náà. Ó dára. Imú rẹ̀ ga dáadáa fún ìgbì, àyà rẹ̀ fẹ̀, á gba ènìyàn mẹ́rin àti àwọ̀n wọn láìfún ara wọn. Ọwọ́ bàbá arúgbó wa hàn lára rẹ̀ kedere. Mo béèrè pé ta ló tún un kùn. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn nítorí oníbàárà, àrùn ni wọ́n fi ọ̀dà bò. Àlàájì ní, "Kò sí ẹni tó kùn ún. Ọ̀dà tó bá wá náà ni. Mo kàn máa ń nù ún ní gbogbo Jímọ́ọ̀, bí mo bá ti kírun tán." Mo fi èékánná fá a, òótọ́ ni.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo di ojú kan, mo wò ó láti imú dé ìdí bóyá ó lọ́. Kò lọ́. Mo fi ìka kan pákó kọ̀ọ̀kan, mo fi etí tì í. Pákó tó bá le máa ń dáhùn, èyí tó bá ti jẹrà á dákẹ́. Gbogbo wọn dáhùn. Mo fi ọ̀bẹ kékeré tọ ẹ̀gbẹ́ ìṣó, ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo yẹ pákó ìdí tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ wò, mo fi gbogbo agbára mì ín. Lẹ́yìn náà mo tẹ̀ ba, mo fi ahọ́n tọ́ inú ọkọ̀ wò.

Àlàájà figbe ta. "Ìyá Tóyìn, ẹ kọ wàrà mi sílẹ̀, ẹ wá ń lá pákó?" Mo ṣàlàyé fún wọn. Omi òkun níyọ̀, iyọ̀ ń tọ́jú igi. Adágún Aséjìré ni ọmọ wọn ti fi ọkọ̀ yìí pẹja, omi tí kò níyọ̀ sì ni, òun ló ń yára ba igi jẹ́. Igi tó bá ti ń bàjẹ́ á kan lẹ́nu. Èyí kò kan. Ó kàn gbẹ. Ó gbẹ ju bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ gbẹ lọ.

Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Igi gígùn tó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, Àlàájì sì ti fi rọ́ọ̀gì àtijọ́ tẹ́ orí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan kí igi má baà ha. Mo kan igi náà ní iwájú, ó dáhùn. Mo kàn án ní ẹ̀yìn, ó dáhùn. Lára búlọ́ọ̀kù àárín, ẹrẹ̀ kan fà láti ilẹ̀ gun òkè dé rọ́ọ̀gì, kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ. Mo fi etí ìró mi nù ún kúrò. Ẹ̀yin náà, ta ní í ka ẹrẹ̀ sí lára ọkọ̀ nínú wa?

Ohun tó ká mi lára ni ojú ìdápọ̀ àwọn pákó. Wọ́n ti là. Ìwé lè wọ inú wọn. Mo jáde, mo bi Àlàájì pé ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí fojú kan omi kẹ́yìn. Wọ́n ní láti ìgbà tí Mùbárákì ọmọ wọn ti lọ. Mo ní lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ̀ bá máa sinmi, a máa ń rì í ni. A ó kó yanrìn sínú rẹ̀, a ó jẹ́ kó jókòó sísàlẹ̀ omi, kó lè máa mu omi títí di ọjọ́ tí a ó tún lò ó. Àlàájì wò mí, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo àtíbàbà tí wọ́n kọ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń rì í? Èmi rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ṣe mí láàánú. Ibẹ̀ ni ìjà ti kúrò lára mi.

Mo ní kí wọ́n má banú jẹ́, òùngbẹ kì í ṣe àìsàn. Ẹ jẹ́ ká fún un lómi, ká fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Bí pákó bá wú tó pa ẹnu pọ̀, ọkọ̀ yá nìyẹn. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kànga wọn, wọ́n fa rọ́bà omi wá. Bí a ṣe ń da omi sínú ọkọ̀ ni ó ń jáde nínú gbogbo ojú ìdápọ̀, ó ń rọ̀ sílẹ̀ yí i ká. Àlàájà ní kí n wá jẹ wàrà mi kí àgbàrá tó gbé mi lọ. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí oòrùn fi wọ̀, ńṣe ló kù tó ń kán. Mo fẹ́ lọ wá òtẹ́ẹ̀lì sùn sí ní Mọ́kọ́lá, wọn kò gbà. Wọ́n máa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì. Yàrá ọmọ wọn ni wọ́n fún mi, ibùsùn rẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì mì. Ẹni tó bá ti ń sùn lórí omi láti kékeré ló mọ bí ilẹ̀ tí kò mì ṣe ń dá ènìyàn lóorun dúró.

Ní àárọ̀, mo lọ bá ọkọ̀ kí n tó bọ́jú. Omi dúró sínú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo fọwọ́ ra abẹ́ ojú ìdápọ̀ gbogbo, wọ́n ti padé, kò sí ìkán omi kan. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo pe Bàbá Tóyìn níbẹ̀ gan-an, mo ní, "Ó dára. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wá ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé e." Mo gbọ́ bó ṣe ń pariwo fún yín, mo gbọ́ ohùn yín náà. Ẹ mọ̀ pé mi ò purọ́.

Mo wọlé, mo wẹ̀, mo jókòó sí pálọ̀, mo mú fóònù láti fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì Àlàájì. Owó ẹja yíyan ti ọdún púpọ̀ ni. Àlàájà ń bá mi ka nọ́ńbà àkáǹtì ọkọ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Àlàájì wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, kò sí fìlà lórí wọn, ẹrẹ̀ wà lórúnkún jalabíà wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Tóyìn, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan."

Ọkàn mi sọ pé ó ti dé. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi owó lé e ni. Mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ burúkú létè mi.

Ọmọ wọn ló ti pè wọ́n láti òkè òkun, ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ hàn òun lójú fóònù kí wọ́n tó gbé e lọ. Wọ́n ń gbé fóònù yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ lè rí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ẹrẹ̀ tí mo nù kúrò lára búlọ́ọ̀kù lánàá ti padà sí ipò rẹ̀, tútù, láti ilẹ̀ dé rọ́ọ̀gì. Wọ́n nawọ́ sí i. "Kí ni ẹ pe èyí?"

Mo ní, "Ẹrẹ̀ ni."

Wọ́n ní, "Ikán ni."

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ ìdin omi tó ń lu igi. Mo mọ ìpẹta, mo mọ ìjẹrà, mo mọ ìṣó tó dógùn-ún. Ikán, orúkọ rẹ̀ ni mo mọ̀. Nínú wa, ta ni ikán ti jẹ ọkọ̀ rẹ̀ rí? Àwọn ará Ìbàdàn kò lè rí ìlà ẹrẹ̀ lára ògiri kí wọ́n máà dìde. Bí wọ́n bá kọ́lé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá jà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi tí mo lá pákó, èmi tí mo fi ọ̀bẹ tọ ìṣó, mo fi aṣọ ara mi nu ẹ̀rí náà kúrò.

Àlàájì kúnlẹ̀ sínú omi, wọ́n fa rọ́ọ̀gì àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi súkúrùdiráfà ti igi ìsàlẹ̀ náà. Kò ta kò wọ́n. Ó wọlé dé èèkù, bí ẹni fi ṣíbí bọ mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, omi tẹ̀ lé e, àwọn ikán funfun ń bá omi bọ̀ sórí ọwọ́ wọn. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀ ti di ihò. Búlọ́ọ̀kù abẹ́ rẹ̀ ló gbé e dúró, ẹrẹ̀ àwọn ikán náà ló sì dí i tí kò fi jò.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí. Kò sí búlọ́ọ̀kù lójú òkun. Ìgbì àkọ́kọ́ tó bá gbé ọkọ̀ yẹn láàárín, á dá a sí méjì, ibi tí Bàbá Tóyìn ti di kẹ́ẹ̀gì mọ́ àyà ni ì bá sì tún bá ara rẹ̀. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ pé ó dára. Mo ti pe é. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gbé ọkọ mi sínú rẹ̀ tán.

Mo ní, "Àlàájì, mi ò ní mọ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù. Kí ló dé tí ẹ fi sọ fún mi?"

Àlàájì ṣì ń gbọn ikán kúrò lọ́wọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìbéèrè mi kò yé wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Tóyìn, ṣebí ẹnì kan ló máa wọ̀ ọ́."

Wọ́n pe ọmọ wọn padà, wọ́n ní ọkọ̀ ti bàjẹ́, àwọn kò tà á mọ́, wọ́n yára pa fóònù, wọ́n kọjú sí ògiri. Ẹkún ni wọ́n ń sun. Ọmọ kò sí nílé, ọkọ̀ ọmọ náà ti lọ. Àlàájà wá dúró tì wọ́n, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn lẹ́yìn. Èmi náà ń sunkún, mi ò sì mọ̀ bóyá àdánù tiwọn ni mò ń sun tàbí ọkọ mi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Mo tún pe Bàbá Tóyìn. Mo ní kó má wá ọkọ̀ akẹ́rù mọ́, mò ń bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Mo ń gbọ́ ariwo yín lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, máa bọ̀," ó sì pa fóònù.

Àlàájì fi mọ́tò wọn gbé mi dé Challenge. Wọn kò jẹ́ kí n wọ máíkírà. Àlàájà di wàrà sínú kúlà fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, oòrùn mú, ó ti ń kan kí a tó dé Ọ̀rẹ̀, mo sì jẹ gbogbo rẹ̀ kó má baà ṣòfò. Ẹ má bínú. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń ronú. Mo ti rò pé ẹni tó bá mọ omi ti mọ ọkọ̀. Ilẹ̀ náà ń jẹ ọkọ̀, ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ ló sì mọ ẹnu tí ilẹ̀ fi ń jẹ. Mo ti rò pé ará Ìbàdàn á gbọ́n jù mí lọ, ó sì gbọ́n jù mí lọ lóòótọ́, nígbà tó kù díẹ̀ kí ọgbọ́n mi pa ẹni tí mo fẹ́ràn.

Ẹ rí mi nígbà tí mo gúnlẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ ti tò sórí afárá pákó, ìyá ọkọ mi sì ti gbé ìjókòó síta. Àwọn kan nínú yín ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé obìnrin lọ, obìnrin ò mú nǹkan bọ̀. Mo gbọ́ yín. Bàbá Tóyìn gba báàgì mi, kò bi mí léèrè títí a fi wọlé. Mo gbé òkèlè púpurú síwájú, mi ò lè jẹ ẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí: ẹrẹ̀ tí mo nù kúrò, súkúrùdiráfà, ohun tí Àlàájì sọ nígbà tí mo bi wọ́n léèrè. Ojú rẹ̀ wà lórí ọwọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Fún mi ní nọ́ńbà bàbá yẹn."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ìbínú ọkọ̀ tí a kò rí ti fẹ́ gbà á lọ́kàn. Mo tẹ nọ́ńbà, mo fún un ní fóònù, mo dúró nítòsí kí n lè já a gbà. Àlàájì gbé e. Ọkọ mi dìde dúró kó tó sọ̀rọ̀, ó sì yọ fìlà, bí ẹni pé wọ́n lè rí i láti Bódìjà.

Ó ní, "Àlàájì, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ kò mọ̀ mí. Èmi ni ẹni tó máa wọ̀ ọ́."